Ọfà Ìsàlẹ̀ Lórí Lemmy, Mbin àti PieFed: Ibi Tó Ń Lọ, Ẹni Tó Ń Rí I, àti Ìdí Tí Iye Rẹ̀ Kì Í Fi Í Bára Mu

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá. Ẹnì kan ní Kubwa á ṣí pósìtì Lemmy lórí fóònù rẹ̀, á rí -4 lábẹ́ rẹ̀. Á fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Kaduna, ìyẹn á ní +3 lòun ń rí. Ọ̀rọ̀ á wá di ta ló ń parọ́. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Orí sáfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkáǹtì wọn wà, ìbò tó bá sì dé ọ̀dọ̀ sáfà kan nìkan ni sáfà náà ń kà.

Fediverse, ìyẹn ọ̀pọ̀ sáfà tó dá dúró tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ò ní àpótí ìbò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń jù ú sí. Iṣẹ́ tí ẹ rán ni ọfà ìsàlẹ̀ (downvote, ìbò tó ń yọ 1 kúrò nínú iye pósìtì) tí ẹ tẹ̀. Ó lè dé lójú ẹsẹ̀, ó lè pẹ́ lọ́nà, wọ́n sì lè dá a padà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ ò ní bínú lásán, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ lásán.

Àwọn tó ń lo Lemmy, Mbin tàbí PieFed, àwọn ètò tí wọ́n fi ń dá àwùjọ ìjíròrò sílẹ̀ lórí Fediverse, la kọ èyí fún, àti àwọn tó ń tẹ̀ lé àwùjọ wọn láti orí Mastodon, ètò Fediverse mìíràn tó dà bíi Twitter.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a ó máa lò

- Sáfà yín: kọ̀ǹpútà tí àkáǹtì yín wà lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn nínú àdírẹ́sì yín, lẹ́yìn àmì @.
- Àwùjọ: ibi tí pósìtì lórí ọ̀rọ̀ kan ń kó jọ sí. Mbin ń pè é ní magazine.
- Sáfà ilé: sáfà tí wọ́n ti dá àwùjọ náà sílẹ̀. Bí àwùjọ bá ń jẹ́ !technology@lemmy.world, lemmy.world ni sáfà ilé rẹ̀, ibi yòówù tí àkáǹtì tiyín wà.
- Àròpọ̀: iye ọfà òkè tí a yọ ọfà ìsàlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

## Ìrìn àjò ọfà ìsàlẹ̀ kan

1. Ẹ tẹ ọfà náà. Áàpù yín á sọ fún sáfà yín, sáfà yín á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì yọ 1 kúrò nínú àròpọ̀. Ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ wà lórí sáfà yẹn lẹ kọ́kọ́ ń rí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti tẹ ọfà òkè tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó yí i padà, 2 ni àròpọ̀ á fi já, torí ìbò +1 ti di -1.

2. Sáfà yín á kọ lẹ́tà kékeré kan. Nínú ActivityPub, ìlànà tí àwọn sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní 2018, Dislike ni orúkọ lẹ́tà yẹn. Ti ọfà òkè ń jẹ́ Like. Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: orúkọ àkáǹtì yín, líǹkì pósìtì náà, àti irú ìbò tó jẹ́. Ẹ fi ti orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

3. Lẹ́tà náà á lọ sí sáfà ilé àwùjọ. Kì í lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn tààrà.

4. Sáfà ilé á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé wọn ò tíì ti sáfà yín mọ́ta? Ṣé wọn ò tíì lé ẹ̀yin fúnra yín kúrò nínú àwùjọ náà? Ṣé sáfà ilé tiẹ̀ ń gba ọfà ìsàlẹ̀ rárá? Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, wọn ò ní ka ìbò yín níbẹ̀.

5. Bó bá wọlé, sáfà ilé á kéde rẹ̀. Á dì í sínú lẹ́tà mìíràn tó ń jẹ́ Announce, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà tí ó kéré tán ẹnì kan níbẹ̀ ti tẹ Subscribe sí àwùjọ náà.

6. Sáfà kọ̀ọ̀kan tó gbà á á tún fi òfin tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kà á.

Bí ẹ bá tún ọfà kan náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti fagi lé ìbò yẹn nìyẹn. Lẹ́tà tó ń jẹ́ Undo á gba ọ̀nà kan náà lọ.

Akéde ni sáfà ilé. Ohun tí akéde ò bá gbọ́, kò lè ké e. Látinú gbólóhùn yìí ni ẹ ó ti lóye èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù.

## Ìdí tí iye tí ẹ rí ò fi bá ti ẹlòmíì mu

Sáfà yín pẹ́ dé àwùjọ. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ lórí sáfà yín tẹ Subscribe ni ìkéde bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Sáfà yín á fa pósìtì àtijọ́ díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn ìbò tí wọ́n ti dì ṣáájú kì í bá wọn wá. Ìdí nìyẹn tí pósìtì tó ní 300 nílé rẹ̀ fi lè jẹ́ 1 péré lọ́dọ̀ yín. Bí gbogbo èèyàn sáfà yín bá sì tẹ Unsubscribe, ìkéde á dá, iye á dúró sójú kan bí aago tí bátìrì rẹ̀ kú.

Wọ́n ti gé okùn láàárín sáfà méjì. Bí sáfà yín bá dí sáfà kan, ìbò àwọn ará ibẹ̀ ò ní wọlé sọ́dọ̀ yín mọ́, títí kan èyí tí wọ́n dì nínú àwùjọ tó wà lórí sáfà kẹta. Ẹni tó wà lórí sáfà kẹta yẹn á ṣì máa rí gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, sáfà Lemmy kan tó ń jẹ́ Beehaw gé okùn láàárín òun àti lemmy.world àti sh.itjust.works. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń wo pósìtì láti Beehaw àti ẹni tó ń wo ọ̀kan náà láti ibòmíràn ń ka ìwé ìbò tó yàtọ̀ síra.

Sáfà kan ti pa ọfà ìsàlẹ̀. Lórí Lemmy, alákòóso sáfà lè pa á pátápátá. Beehaw wà lára àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò ní rí bọ́tìnnì rẹ̀, sáfà náà ò sì ní ka ti ẹlòmíì tó bá wọlé. Bí ẹ bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀ sí pósìtì inú àwùjọ irú sáfà bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ á já lójú tiyín, ilé ọ̀rọ̀ gan-an ò ní mọ̀.

Lẹ́tà ṣì wà lọ́nà. Lemmy 0.19, tó jáde ní oṣù kejìlá 2023, mú kí sáfà máa to lẹ́tà jọ de ẹni tí iná tàbí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ lọ, kó lè rí i gbà bó bá padà dé. Ó dára, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà ń lọ nígbà yẹn: èyí tó wà níwájú gbọ́dọ̀ gba èsì kí èyí tó kàn tó ṣí. Sáfà tó jìnnà bíi ti Australia wá ń fi ọjọ́ wà lẹ́yìn lemmy.world. Ẹ̀dà 0.19.6 ló jẹ́ kí wọ́n lè máa fi ọ̀pọ̀ ránṣẹ́ pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé sáfà kalẹ̀ ní Abuja tàbí Jos kó má fojú kéré èyí, torí Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ sáfà ńlá wà, ọ̀nà sì jìn.

Bí wọ́n ṣe ń fi iye hàn yàtọ̀. Áàpù kan ń fi àròpọ̀ hàn, òmíràn ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn ń fi ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo èyí kí ẹ tó jiyàn. Nínú Settings Lemmy, ẹ lè yan èyí tí ẹ fẹ́ máa rí, ẹ sì lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́.

### Bí ẹ ṣe lè rí iye tó súnmọ́ òtítọ́ jù

1. Ẹ wo orúkọ àwùjọ, kí ẹ mú sáfà tó kẹ́yìn @.
2. Ẹ ṣí sáfà yẹn nínú browser. Kò pọn dandan kí ẹ ní àkáǹtì níbẹ̀.
3. Ẹ wá àkọlé pósìtì náà nínú àwùjọ yẹn.
4. Iye tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ti akéde fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: àwọn èèyàn máa ń tẹ àmì aláwọ̀ mèremère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósìtì lórí Lemmy, wọ́n á rò pé ó gbé àwọn lọ sí ilé àwùjọ. Sáfà ẹni tó kọ pósìtì ló ń gbé yín lọ. Bí òǹkọ̀wé àti àwùjọ ò bá sí lórí sáfà kan náà, iye mìíràn lẹ ó tún bá níbẹ̀, ìdààmú á wá di méjì.

## Ohun tí ọfà ìsàlẹ̀ túmọ̀ sí níbi kọ̀ọ̀kan

Lemmy. Òkè jẹ́ +1, ìsàlẹ̀ jẹ́ -1. Bí ẹ bá gbé pósìtì jáde, ó ti tẹ ọfà òkè kan fún yín fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹni tó bá rí 0 lórí pósìtì tuntun, ẹnì kan ti tẹ ìsàlẹ̀ fún un nìyẹn.

Mbin. Ọfà òkè, ọfà ìsàlẹ̀, àti boost (títún pósìtì pín fún àwọn tó ń tẹ̀ lé yín) tó dá dúró. Alákòóso Mbin lè fi ọfà ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó lè fi iye rẹ̀ pamọ́, ó sì lè pa á. Mbin tún ń ṣírò reputation (iye tó ń fi ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò yín hàn) sójú profile yín, nítorí náà ọfà ìsàlẹ̀ ń bá yín kúrò nínú pósìtì délé.

PieFed. Ibí ni wọ́n ti fara balẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwùjọ lè yan ẹni tó lè tẹ ọfà ìsàlẹ̀: gbogbo èèyàn, tàbí ọmọ àwùjọ nìkan, tàbí ará sáfà náà nìkan. Ó tún ń ṣírò ohun tó pè ní attitude, ìyẹn bí ìbò òkè tí ẹnì kan ń dì ṣe pọ̀ tó sí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fa èèyàn sílẹ̀ á hàn. Ẹ sì lè sọ fún un pé kó ká èsì tí àròpọ̀ rẹ̀ bá ti já ju ibi kan lọ kúrò lójú yín.

Mastodon. Kò ní ọfà ìsàlẹ̀, kì í sì í ka Dislike tó bá wọlé. Ìràwọ̀ favourite rẹ̀ ń jáde bíi Like, Lemmy sì ń kà á sí ọfà òkè. Àmọ́ sáfà ẹni tó kọ pósìtì ni Mastodon ń fi ránṣẹ́ sí, ó sì lè má dé ilé àwùjọ. Boost Mastodon kì í fi ohunkóhun kún àròpọ̀ Lemmy. Bí ẹ bá wà lórí Mastodon tí nǹkan inú àwùjọ kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fèsì, ẹ fẹjọ́ sùn, tàbí kí ẹ kọjá.

## Ta ló ń rí i pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?

Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ rántí lẹ́tà inú ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ yín wà lórí rẹ̀, gbogbo sáfà tí ìkéde sì dé ló ní ẹ̀dà kan.

- Alákòóso sáfà Lemmy ń rí orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò.
- Nínú àwọn ẹ̀dà Lemmy tó wà lóde báyìí, olùdarí àwùjọ náà ń rí i nínú àwùjọ tirẹ̀.
- Mbin ń fi orúkọ àwọn tó tẹ ọfà òkè (favourite) hàn lójú pósìtì fún ẹnikẹ́ni.
- Àwọn ojú òpó kan wà tó ń kó ìbò jọ, tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ wá a.
- PieFed lè fi orúkọ mìíràn rán ìbò yín jáde bí ẹ bá yan ìbò ìkọ̀kọ̀ nínú Settings. Alákòóso sáfà tiyín ṣì lè mọ ẹni tó ni ín.

Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọra wa, tí ẹni tí ẹ bá jìjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Sátidé lè jókòó tì yín ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Garki lọ́jọ́ Àìkú, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ má tẹ ọfà ìsàlẹ̀ kankan tí ẹ ò ní lè dúró tì lójú gbangba. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà ni ẹ fẹ́ máa dìbò lé lórí, ẹ lo àkáǹtì tí kò ní orúkọ yín, fọ́tò yín àti orúkọ tí ẹ ń lò níbòmíràn nínú.

## Ohun tí ọfà ìsàlẹ̀ ń ṣe sí ipò pósìtì

Lórí Lemmy, ètò Hot, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ń to pósìtì sójú ewé, ń ṣírò báyìí: ó mú àròpọ̀, ó fi logarithm rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó wá fi ọjọ́ orí pósìtì pín in. Láti rí ohun tí ó fi ń pín, ẹ mú iye wákàtí tí pósìtì ti lò, ẹ fi 2 kún un, kí ẹ gbé e sí agbára 1.8.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Nígbà tí pósìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nǹkan bíi 3.5 la fi ń pín. Lẹ́yìn wákàtí 4, ó ti di 25. Lẹ́yìn wákàtí 10, ó ti lé ní 87. Àkókò ń pa pósìtì ju ọfà ìsàlẹ̀ lọ. Ní ti logarithm, láti 10 dé 100 kò fi bẹ́ẹ̀ gbé pósìtì sókè ju bí ti 1 dé 10 ṣe gbé e lọ. Ìbò díẹ̀ àkọ́kọ́ ló lágbára: ọfà ìsàlẹ̀ mẹ́ta ní wákàtí àkọ́kọ́ lè sin pósìtì, mẹ́ta kan náà ò lè mi èyí tó ti ní 80.

Ètò Active ń lo ìṣirò kan náà, àmọ́ àkókò èsì tó dé kẹ́yìn ló ń kà, títí di ọjọ́ 2. Ẹ kíyè sí i dáadáa: bí ẹ bá bínú sí pósìtì kan, tí ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀, tí ẹ tún kọ èsì gígùn láti bu ẹni tó kọ ọ́, ẹ ti gbé e padà sókè fún àwọn tó ń lo Active.

Ètò Controversial tún wà. Pósìtì tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ló ń gbé síwájú. Níbẹ̀, ọfà ìsàlẹ̀ yín ń ràn án lọ́wọ́ ni.

## Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ohun tó dára jù ọfà lọ

Ọfà ìsàlẹ̀ wúlò fún ohun kan: láti sọ pé èyí ò wúlò nínú àwùjọ yìí. Ìpolówó tí ẹnì kan kó dà sí àwùjọ oúnjẹ, irọ́ tí a ti já, ìdáhùn tó lè pa ẹni tó bá tẹ̀ lé e. Fún ìyókù, ẹ wo èyí:

- Ó rú òfin tàbí ó léwu: ẹ tẹ Report, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ọfà ìsàlẹ̀ kì í pe olùdarí. Pósìtì jìbìtì lè ní -30 kó ṣì máa jẹ èèyàn lówó.
- Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yọ yín lẹ́nu: ẹ dí àkáǹtì rẹ̀.
- Àwùjọ náà ò kàn yín: ẹ dí àwùjọ náà. Wíwọ inú rẹ̀ láti lọ fa gbogbo pósìtì wọn sílẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n lé yín.
- Gbogbo sáfà kan ni ẹ ò fẹ́: láti Lemmy 0.19, ẹ̀yin fúnra yín lè dí i nínú Settings. Pósìtì àwọn àwùjọ rẹ̀ á kúrò lójú yín, àmọ́ ẹ ṣì lè rí èsì àwọn ará ibẹ̀ níbòmíràn.
- Ẹ ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́: ẹ lọ sí Languages nínú Settings, kí ẹ yan èdè tí ẹ gbọ́ nìkan. Ẹ má yọ Undetermined (pósìtì tí wọn ò sọ èdè rẹ̀) kúrò, torí àìmọye èèyàn kì í yan èdè kí wọ́n tó gbé pósìtì jáde. Bí ẹ bá yọ ọ́, ojú ewé yín á gbẹ.
- Ẹ ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: ẹ fèsì.

## Bí wọ́n bá ń fa pósìtì Yorùbá yín sílẹ̀

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń kọ Yorùbá lórí Fediverse nìyí. Ẹ béèrè ìbéèrè lórí owó ilé ní Lugbe, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti di -5, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tó ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Ojú ewé All ń gbé pósìtì gbogbo àwùjọ tí sáfà kan mọ̀ síwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí i, á rò pé ó ṣì wá, á tẹ ìsàlẹ̀, á kọjá lọ. Kò dára, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín:

1. Ẹ yan èdè lórí pósìtì. Níbi tí ẹ ti ń kọ pósìtì lórí Lemmy, àpótí èdè kan wà. Ẹ yan Yorùbá. Ẹni tó bá yan èdè nínú Settings rẹ̀ láìfi Yorùbá kún un ò ní rí i mọ́. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan lè dín ìṣòro náà kù.
2. Bí Yorùbá ò bá sí nínú àpótí, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì yan án nínú Settings tiyín, tàbí pé alákòóso ló dín èdè kù lórí sáfà, tàbí pé olùdarí dín in kù nínú àwùjọ. Ẹ wo ti tiyín lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń fi kún un.
3. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí àwùjọ tó bá a mu. Ìbéèrè ilé ní Lugbe kò ní ibì kan tó ń lọ nínú àwùjọ ìròyìn gbogbo ayé.
4. Ẹ gbé e jáde nígbà tí àwọn ènìyàn yín wà lójú fóònù. Ẹ ti rí ìṣirò wákàtí àkọ́kọ́ lókè.
5. Ẹ má pe èèyàn láti WhatsApp pé kí wọ́n wá tẹ ọfà òkè. Alákòóso ń rí orúkọ. Àkáǹtì mẹ́wàá tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ kan náà tí gbogbo wọn ń dìbò fún ẹnì kan ṣoṣo á hàn ketekete, wọ́n á sì lé gbogbo yín pa pọ̀.
6. Bí àkáǹtì kan bá ń fa gbogbo pósìtì yín sílẹ̀, àtijọ́ àti tuntun, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kọ líǹkì pósìtì mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí alákòóso sáfà yín. Ó lè ṣí ìwé ìbò wò, ó sì lè lé e. Ẹ má dárúkọ ẹni tí ẹ fura sí ní gbangba.

Ẹ má pa pósìtì rẹ́ nítorí -3. Ẹni tó ń wá ìdáhùn kan náà lóṣù tó ń bọ̀ á nílò rẹ̀.

## Ọfà mi ò dúró: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó yí àwọ̀, ó sì padà. Nẹ́tíwọọ̀kì ni. Áàpù máa ń kun ọfà kí sáfà tó dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo Mararaba ń lo dátà pa pọ̀, ìdáhùn lè má dé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí bí ti àkọ́kọ́ bá ti wọlé, títẹ̀ kejì á fagi lé e. Ẹ tún ojú ewé ṣí, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Nínú Voyager, áàpù Lemmy kan, bí ẹ bá fa pósìtì sọ́tùn-ún díẹ̀, ọfà òkè ni. Bí ẹ bá fà á jìnnà, ọfà ìsàlẹ̀ ni. Àtàǹpàkò nìkan tó fún un. Ẹ yí i padà nínú Settings bó bá ń ṣe yín léṣe.

Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ò sí. Sáfà yín ti pa á. Kò sí áàpù tó lè dá a padà. Bí ó bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ ṣí àkáǹtì lórí sáfà mìíràn.

Ó dúró lọ́dọ̀ yín, kò dé ilé àwùjọ. Ẹ wo ohun mẹ́ta: ṣé ilé àwùjọ ń gba ọfà ìsàlẹ̀? Ṣé sáfà méjèèjì ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Lórí Lemmy, ojú ewé /instances lórí sáfà kọ̀ọ̀kan ń fi àwọn tí wọ́n so pọ̀ àti àwọn tí wọ́n dí hàn. Ṣé wọn ò tíì lé yín kúrò nínú àwùjọ? Modlog, àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn olùdarí ṣe, tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé Lemmy, á sọ bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á lórí sáfà ilé.

Subscribe Pending kò kúrò. Sáfà ilé ò tíì dáhùn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lórí sáfà yín, ìkéde ò tíì bẹ̀rẹ̀, iye ò sì ní yí. Ẹ tẹ Unsubscribe, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tẹ Subscribe.

## Fún ẹni tó ń darí àwùjọ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá àwùjọ sílẹ̀ fún Yorùbá Abuja, Kano tàbí Minna, ẹ pinnu ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó pe èèyàn wọlé.

Bí àwùjọ yín ò bá tíì ní ọgọ́rùn-ún èèyàn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má gba ọfà ìsàlẹ̀ láti òde. Àwùjọ kékeré ò ní ìbò òkè tó lè gbé ti àjèjì márùn-ún kúrò. PieFed ló rọrùn jù fún èyí: nínú Settings àwùjọ, ẹ yan pé ọmọ àwùjọ nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Lórí Lemmy, sáfà ni wọ́n ń pa á fún, gbogbo àwùjọ tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń kàn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi alákòóso bó ṣe wà kí ẹ tó yan ilé.

Bí ẹ bá pa ọfà ìsàlẹ̀, iṣẹ́ Report á pọ̀ sí i, torí kò sí ohun mìíràn tó ń ti ìdọ̀tí sísàlẹ̀. Ẹ wá olùdarí méjì ó kéré tán, kí wọ́n wà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má jẹ́ pé iná kan náà ló máa mú àwọn méjèèjì lọ.

Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ẹ kọ èyí sínú òfin tí ẹ lẹ̀ mọ́ òkè àwùjọ:

- Ọfà ìsàlẹ̀ wà fún ohun tí kò bá àwùjọ mu, kì í ṣe fún ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn.
- Jìbìtì àti èébú: Report.
- Olùdarí ń rí orúkọ ẹni tó dìbò, kò sì ní tú u síta.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kan ẹ̀yin gan-an. Ẹni tó bá fi orúkọ àwọn tó tẹ ọfà ìsàlẹ̀ hàn nínú èsì láti fi dójú tì wọ́n á sọ àwùjọ di ọjà Wuse lọ́jọ́ ìjà, àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ á sì kọ́kọ́ jáde. Bí ìbò ẹnì kan bá dà bí ìfìyàjẹni, ẹ kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lé e fún ọjọ́ 7, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú modlog.